Ta Ni Ó Ka Ẹja?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń wúwo láti bá ìsédò wí. Ta ni yóò rí omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara tí yóò tún máa ṣàròyé nítorí ẹja? Èmi gan-an dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí n béèrè.

Ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mí. Ìlobùú ni a bá pààlà, ìlú tí a kì í dárúkọ rẹ̀ kí a má dárúkọ Erinlẹ̀, ọdẹ tí ìtàn wa sọ pé ó di odò. Àwọn olùsìn rẹ̀ a máa kó ọta odò sínú ìkòkò omi, wọn a sì máa fi orúkọ pe àwọn ibú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lásán ni mo kà á sí nígbà èwe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó máa ń dẹ ìgèrè, ni ó là mí lóye: inú ibú ni ẹja ń sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá dé tí odò sì kún bo àbàtà, wọn a jáde lọ yé ẹyin níbi tí omi kò ti jìn.

Ọdún 1989 ni ìsédò tuntun dé sórí Erinlẹ̀, lẹ́bàá Ẹdẹ. Odò náà ń kọjá ní agbègbè wa kí ó tó débẹ̀, kí ó tó lọ dà sínú Ọ̀ṣun. Ẹja tí ó bá fẹ́ ti Ọ̀ṣun gòkè wá sọ́dọ̀ wa, ògiri ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n rán mi lọ kọ̀wé nípa ìsédò yìí. Mo béèrè iye omi, mo béèrè àwọn ìlú tí yóò máa mu ún. Mo mú ìwé ìròyìn náà relé tayọ̀tayọ̀, mo kà á fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: "O káre. O ka omi. Ta ni ó ka ẹja?" N kò rí èsì fọ̀. Bàbá ti di ará ọ̀run báyìí. Ìbéèrè rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọya ní Kainji ní 1968, ẹja tí àwọn apẹja ń rí pa láàrin Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàrin 1967 sí 1969. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn kan ka ẹja ṣáájú, wọ́n sì tún kà á lẹ́yìn náà.

Òfin tí ó ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lára àyíká wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé ní Nàìjíríà ní 1992, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìsédò tiwa. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni òfin yìí sì dojú kọ jù. Bẹ́ẹ̀ ni kíkọ́ ìsédò kì í ju ọdún díẹ̀ lọ, lílò rẹ̀ ni kì í tán. Ìgbà wo ni a ń ṣílẹ̀kùn omi? Ṣé ìkún omi tí ẹja ń retí ṣì ń dé àbàtà ní ìsàlẹ̀ odò?

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru ìsédò. Àwọn kan ń da májèlé sódò. Àwọn mìíràn ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja. Ìdí nìyẹn gan-an tí àyẹ̀wò fi yẹ: kí a ka ẹja lókè àti nísàlẹ̀ ògiri, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí a lè mọ ohun tí ó ń pa wọ́n. Kí a sì jókòó ti àwọn apẹja àgbà, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹja tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ rántí pé láti ara ẹja ni oyè Atáọ́ja ti Òṣogbo ti wá: ọba tẹ́wọ́, ó gba ẹja. Ìpínlẹ̀ tí ó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣaláì mọ iye ẹja tí ó kù nínú odò rẹ̀. Ẹja tútù là á ká. Bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́.