Ààtàn Fáfitì: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Ṣà Á Tán, Ta Ló Tún Ń Dà Á Pọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti eérú ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ààtàn ìgbà tiwọn ń gbà. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, a di ilẹ̀dú tí ẹ̀fọ́ ń hù lórí rẹ̀. Ti òde òní ń gba ọ̀rá omi, ike àti agolo, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, omíyalé Ògùnpa ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn; ìdọ̀tí tí ó dí ojú odò wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún jà ní ìlú náà, kò sì yọ ọgbà Fáfitì Ìbàdàn sílẹ̀.

Ní Fáfitì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n gbé garawa mẹ́ta-mẹ́ta sí iwájú ilé-ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún àjẹkù oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ akólẹ̀ dé, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n da garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni a wá ń ṣà á fún?" N kò rí èsì fún un. Kí sáà náà tó parí, ohun gbogbo ti ń wọ garawa tí ó bá sún mọ́ni jù.

Àwọn kan sọ pé ọ̀bùn ni àwọn ọmọ náà. N kò gbà. Kò sí ẹni tí yóò máa pọn omi sínú ajádìí apẹ̀rẹ̀ títí láé. Ìwé tí ọbẹ̀ bá ti ta sí kò ní olùrà mọ́. Agolo tí ìbá di yíyọ́ fún ìlò mìíràn, àti eèpo iṣu tí ìbá di ajílẹ̀, a jọ dáná sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Èéfín ike olóró sì ń wọ yàrá àwọn tí ń kàwé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá tí ń ṣa ike tà ní ìwọ̀n kílò mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ni ó ń lé wọn.

Èrò tèmi ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú garawa méjì péré: ọ̀tọ̀ ni ti tútù, ọ̀tọ̀ ni ti gbígbẹ. Kí ọjọ́ tí a ń kó ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Kí a fún àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìbọ̀wọ́, òṣùwọ̀n àti ibi tí wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Kí a sì máa lẹ iye kílò tí a tà lóṣooṣù, àti ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe, mọ́ ojú pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti na ọwọ́ tiwọn. Ó ku ti àwọn aláṣẹ.