Igbó Tó Bí Agbákò

Òkè-Igbó ni wọ́n bí òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà sí lọ́dún 1903. Àwọn tí ogun tú nílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sá wọ igbó kìjikìji ibẹ̀, tí wọ́n fi tẹ̀lú dó. Dérìn Ológbenlá, jagunjagun Ifẹ̀, ló ṣáájú wọn. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà kó tó gbúròó iwin. Ọdẹ á tòru dé, á sọ àpò kalẹ̀, á ní ohun kan pe òun lórúkọ nídìí ìrókò. Ta ni yóò lọ wò ó bóyá irọ́ ni? Lójú tèmi, irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ló bí ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938, àti Igbó Olódùmarè tó tẹ̀ lé e ní 1949.

Ẹ gba Òkè-Igbó kọjá lónìí, kòkó lẹ máa rí, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ọkọ̀ tó di gẹdú gàgàrà. Ìrókò táwọn baba wa kì í fọwọ́ kàn láìṣètùtù, ẹ̀rọ onípẹtiróòlù á ti wó o lulẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mi ò bá àgbẹ̀ jà o. Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sílé ìwé tí wọ́n ti ka Fágúnwà.

Ẹ̀rù igbó kò sì tán. Iwin ló kẹ́rù, ajínigbé ló gbalé. Sọ fún àgbẹ̀ Oǹdó lónìí pé kó má wọgbó, kò ní ro ti Agbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún inú Ògbójú Ọdẹ. Ìbọn ni yóò rò, àti owó tí ẹbí máa tọrọ kiri kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ká sòótọ́, Agbákò sàn díẹ̀. Ìjà ló fẹ́, kì í béèrè mílíọ̀nù.

Àwọn ọdẹ ṣì ń wọ igbó lóru. Láti 2020 tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ti wọ aṣọ rẹ̀, oògùn ìbílẹ̀ sì wà lára wọn bíi ti àtijọ́. Ìròyìn wọn nìkan ló yàtọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-oògùn ní kí akọ̀wé mú gègé àti tákàdá, ó fara balẹ̀, ó ń rò ó fún un lẹ́sẹẹsẹ. Ọdẹ tòní, bó bá jáde láàárọ̀, iye èèyàn tí wọ́n rí gbà sílẹ̀ ló máa kà fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, á sì lọ sùn.