Ìrìn-àjò sí Àfonífojì Taipi

Ní ọdún 1842, ọkọ̀ kan tí ń dọdẹ àbùùbùtán gúnlẹ̀ sí èbúté Taiohae ní erékùṣù Nuku Hiva. Ọ̀kan ni erékùṣù yìí jẹ́ nínú àwọn tí a ń pè ní Marquesas, láàrin gbùngbùn Òkun Pàsífíìkì, níbi tí ilẹ̀ ńlá kankan kò sí nítòsí. Atukọ̀ kan wà nínú ọkọ̀ náà, ará Amẹ́ríkà, Herman Melville ni orúkọ rẹ̀. Ìyà ọkọ̀ sú u, ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá yọ́ sá lọ. Wọ́n gun òkè, wọ́n sùn nínú òjò, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Taipi, láàrin àwọn ènìyàn tí àwọn aládùúgbò wọn ń bẹ̀rù pé wọ́n a máa jẹ ẹran ènìyàn. Dípò kí wọ́n jẹ ẹ́, àlejò pàtàkì ni wọ́n fi í ṣe. Ní ọdún 1846 ó kọ ìwé nípa wọn. Ó ní wọn yóò tó ẹgbàá, pé wọ́n ga, ara wọn dá ṣáṣá, àti pé abẹ́ òjìji igi gbẹ̀rẹ̀fútù ni ilé wọn wà. Ó tún ní oṣù mẹ́rin ni òun lò lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò lò ju bí oṣù kan lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí adùn ìwé náà lọ́wọ́.

Nígbà tí ó ṣe, ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan ní California. Jack London ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní ọdún 1876. Ọmọ tálákà ni, ó ń ta ìwé ìròyìn káàkiri ìgboro Oakland kí wọn lè rí jẹ nílé. Ó ka ìwé Melville, ó tún un kà, ó sì pinnu pé bí òun bá dàgbà, bó le bó rọ̀, òun yóò fi ojú ara òun rí Taipi. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni í ṣe irú ìpinnu báyìí, tí ìpinnu náà a sì bá èwe lọ. Ti London kò bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1906, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kan ọkọ̀ onígbòkun kan tí ó pè ní Snark, nítorí ó fẹ́ fi ọdún méje yí ayé ká. Ó ti rò pé dọ́là 7,000 yóò tó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìlú jóná, igi àti irin di ọ̀wọ́n gógó, kí ọkọ̀ sì tó parí, owó ti di 30,000. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Charmian, ṣí kúrò ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, ọdún 1907, ọkọ̀ náà ń jò. Èyí tí ó tún burú ni pé ẹni tí wọ́n gbójú lé láti mọ̀nà lójú òkun kò mọ̀nà. London alára ni ó jókòó ti ìwé, tí ó ń wo oòrùn, tí ó sì ń ṣírò, títí wọ́n fi rí ilẹ̀ Hawaii. Inú rẹ̀ dùn sí èyí ju gbogbo ìwé tí ó ti kọ lọ!

Láti Hawaii ni wọ́n ti dorí kọ Marquesas. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ayé yóò rò pé kò ju kí ènìyàn kọjú sí gúúsù àti ìlà oòrùn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ onígbòkun kì í lọ síbi tí ó wu ọlọ́kọ̀ nìkan. Afẹ́fẹ́ ni ó ni í. Ní àríwá agbedeméjì ayé, láti àríwá ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti í fẹ́. Ní gúúsù rẹ̀, láti gúúsù ìlà oòrùn ni. Láàrin àwọn méjèèjì ni agbègbè kan wà tí afẹ́fẹ́ a máa dákẹ́ rọ́rọ́, tí òjò a sì ya lulẹ̀ lójijì. Bí ọkọ̀ kò bá tíì rìn jìnnà tó sí ìlà oòrùn kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ afẹ́fẹ́ gúúsù, afẹ́fẹ́ náà yóò gbá a lọ sí ìwọ̀ oòrùn, erékùṣù yóò sì di ohun tí a ń bojú wẹ̀yìn wò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ni Snark kúrò ní Hilo. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọn kò rí ọkọ̀ mìíràn, wọn kò rí ilẹ̀. Ní ọjọ́ kan wọ́n ṣàdédé rí i pé ìdajì omi mímu wọn ti ṣòfò dànù. Omi lọ súà níwájú, omi lọ súà lẹ́yìn, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n láàrin rẹ̀. Wọ́n ń wọn omi fún oníkálukú lójoojúmọ́, títí òjò ńlá kan fi rọ̀ tí wọ́n gbè é sínú agbada wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ni London ń kọ láràárọ̀, nítorí owó ìwé ni wọ́n fi ń jẹun.

Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, wọ́n wọ èbúté Taiohae nínú òkùnkùn. Wọn kò rí nǹkan kan ju dúdú òkè lọ. Ṣùgbọ́n igbe ewúrẹ́ ń ti orí àpáta wá, òórùn òdòdó sì ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ bọ̀. Wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dé ibi tí ọmọdé ń lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gun ẹṣin lọ sí Taipi. Wọ́n kọ́kọ́ la àfonífojì Hapaa kọjá, ibi tí Melville ti wí pé àwọn jagunjagun pọ̀ sí. Igbó ni wọ́n bá. Wọ́n tún gòkè, wọ́n sì rí Taipi nísàlẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà; lọ́jọ́ náà, àfojúbà ni kò tó ìròyìn. Odò ń ṣàn, òkè ga, ewéko tutù yọ̀yọ̀, gbogbo èyí rí bí ìwé ti wí. Àwọn ènìyàn ni kò sí. Pèpéle òkúta ńláńlá, tí wọ́n ń pè ní paepae, tí wọ́n ti ń kọ́ ilé lé lórí nígbà kan rí, tò lọ nínú igbó. Igi ti hù láàrin wọn, gbòǹgbò sì ti ń la òkúta. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣàìsàn: ikọ́ ife, ẹ̀tẹ̀, jàkùtẹ̀. London kọ ọ́ pé àwọn ará Taipi tí ó kù kò ju bíi méjìlá lọ. Kòkòrò tíntìntín tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí sì ń jẹ òun àti ìyàwó rẹ̀ débi pé wọn kò lè jókòó pẹ́ wo ibi tí ó ti ń lá lálàá láti kékeré.

Kí ni ó gbé ẹgbàá ènìyàn mì? Ogun ṣe díẹ̀ níbẹ̀: ní ọdún 1813, David Porter, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ti sun àwọn abúlé Taipi níná. Ṣùgbọ́n àrùn ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn ará erékùṣù wọ̀nyí ti dá gbé lójú òkun fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ara wọn kò mọ ikọ́ ife rí, kò mọ ìgbóná rí, kò sì ní ohun tí yóò fi bá wọn jà. Ọkọ̀ tí ó kó aṣọ àti irin wá ni ó kó wọn wá pẹ̀lú. Ní ọdún 1863, ìgbóná tí ọkọ̀ kan gbé dé pa àìmọye ènìyàn ní Nuku Hiva. London mọ èyí, ó sì kọ ọ́ láìfi bò. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó dá ẹjọ́ náà parí: ó ní ẹ̀yà náà ń mí èémí ìkẹyìn. Àlejò ọjọ́ díẹ̀ ni. Bí a bá dé ilé kan ní ọjọ́ òkú, ó yá wa lára láti rò pé kò sí ìkómọ níbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé kò rí ohun tí ó fi sọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1920, gbogbo erékùṣù Marquesas lápapọ̀ kò ju bí ẹgbàá ènìyàn lọ, iye tí Melville kà ní Taipi nìkan. London kò rí ohun tí ó tẹ̀lé e. Àìsàn dá ìrìn-àjò rẹ̀ dúró ní ọdún 1908, kò yí ayé ká mọ́, ó sì kú ní ọdún 1916, ní ẹni ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ìṣègùn dé, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí dúró, iye wọn sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Lónìí wọ́n ti lé ní 9,000. Wọ́n ń sọ èdè wọn, wọ́n tún ti ń fín ara bí àwọn baba wọn ti ń ṣe, ní ọdún 2024 ni UNESCO sì kọ orúkọ erékùṣù wọn mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Àwọn ọkọ̀ onígbòkun ṣì ń ti ọ̀nà Panama wá ju ìdákọ̀ró sí Taiohae lọ́dọọdún. Ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n ń gbà lọ sí Taipi nísinsìnyí, abúlé kan sì wà létí odò rẹ̀. Àwọn pèpéle òkúta ṣì wà nínú igbó. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù, irú èyí tí àwọn ará Ifẹ̀ ń gún níyán, ṣì ń so níbẹ̀. Láti àwọn erékùṣù òkun náà ni ó sì ti tàn ká ayé. Obìnrin ilé a sun ún lórí iná, a bó o, a fi ọmọ odó òkúta gún un lórí pákó títí yóò fi kúnná, a sì da omi tí ó fún lára àgbọn lé e lórí. Kaʻaku ni wọ́n ń pè é. Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́.