Káàdì Balógun

Àwọn tó bá wọ yàrá mi ní Ọ̀kà-Àkókó a máa bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń kó àwòrán òyìnbó kan ṣoṣo jọ. Káàdì kéékèèké ni wọ́n. Bobby Moore ló wà lórí gbogbo wọn, balógun ikọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1966, nígbà tí wọ́n fi góòlù 4 sí 2 na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní Wembley. Ìgbà 108 ló gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣe balógun nínú 90. Méje ni káàdì mi, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo ń wá.

Ọ̀kà ni ilé wa, àmọ́ Ìkàrẹ́ ni baba mi ti ń ṣe olùkọ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kàwé. Baba mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó máa ń fi káàdì sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ A&BC ló ń tẹ irú rẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n ń tà á pọ̀ mọ́ ṣingọ́ọ̀mù. Àwọn mìíràn ní ìbéèrè lẹ́yìn, tí ènìyàn yóò fi owó ẹyọ ha kí ìdáhùn tó hàn. Baba mi kò ha tirẹ̀ rí. Inú agolo bisikíìtì ló ń tọ́jú wọn sí. Lẹ́yìn káàdì Moore, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan: “Balógun.”

Ó fẹ́ràn West Ham, ẹgbẹ́ Moore, pàápàá lẹ́yìn tí Ade Coker, ẹni tí wọ́n bí sí Èkó, jẹ góòlù nínú ìdíje àkọ́kọ́ tó gbá fún wọn ní 1971. Ṣùgbọ́n ìtàn tó ń sọ fún wa jù ni ti ọwọ́ Moore. Bó ti ń lọ gba ife lọ́wọ́ Ọbabìnrin Elizabeth, ó rí i pé ìbọ̀wọ́ funfun ni ọba wọ̀, amọ̀ sì wà lọ́wọ́ òun. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó bọ ọba lọ́wọ́. Baba mi á ní, “Ẹ rí i? Ẹni tí yóò gba ohun iyì, kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́.”

Ní 1978, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo jí káàdì náà, mo fi gba bọ́ọ̀lù onírọ́bà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan. Bọ́ọ̀lù náà kò lo ọjọ́ méjì tí àpáta Ọ̀kà fi bẹ́ ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, baba mi ṣí agolo, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Balógun ti re ogun,” ni gbogbo ohun tó sọ. Títí tó fi jáde láyé ní 2003, kò sọ ìtàn ọwọ́ Moore fún wa mọ́. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra káàdì Moore, nípasẹ̀ ìbátan mi kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ojú kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ìkọ̀wé baba mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tilẹ̀ wá ọmọ kíláàsì mi yẹn kàn ní Ìkàrẹ́. Orí rẹ̀ ti hewú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èyí yẹn? Òjò pa á nínú àpò ṣòkòtò mi lọ́jọ́ náà gan-an.”

Lónìí, “balógun” ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pe olórí ikọ̀. N kì í gbọ́ ọ kí ọkàn mi má padà sínú agolo yẹn.

Lóṣù tó kọjá, mo jókòó ti àwọn ọmọ mi, mo sọ ìtàn ọwọ́ Moore fún wọn, mo sì fi tèmi kún un. Àbíkẹ́yìn wọn wo ọwọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ṣé ó ti wá mọ́ báyìí?” N kò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé, bí ẹ bá jẹ wọ́n ní irú gbèsè yìí, ẹ sọ ọ́ nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́. Ó dàbọ̀.