Reluwé Orí Tábìlì

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ orísun ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí. Ọ̀nà tí a óò gbà sọ ọ́ lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ohun ìṣeré ọmọdé ni a óò fi sọ ọ́: ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń fi iná mànàmáná rìn, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe láyé àtijọ́.

Ọmọ reluwé ni àwa tí à ń kọ èyí. Kì í ṣe gbogbo bàbá wa ló ṣiṣẹ́ reluwé. Àwọn kan ṣòwò, àwọn kan jẹ́ télọ̀, àwọn kan jẹ́ akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ojú irin ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá sí Òkè Ọya. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì di 1912, ó ti wọ Kano. Ìrìn àjò náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà. Àwọn ènìyàn wa láti Ọ̀ffà, Ìkìrun, Òṣogbo, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ẹrù wọn, wọ́n sọ̀ ní Kano, wọ́n sì tẹ̀dó sí Sábó Gàrí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ní àwọn ọdún 1970, a kò mọ ohun ìṣeré olówó iyebíye. Agolo sàdíìnì ni wágọ̀nù wa. Ìdérí ìgò mẹ́rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn ni a fi ń so ọ̀kan mọ́ èkejì, ẹni tó bá ga jù nínú wa ni ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ọmọ Haúsá ń pè é ní jirgin ƙasa, àwọn ọmọ Íbò ládùúgbò náà a sì bá wa fa okùn. Fàkàfìkì, fàkàfìkì, a ó fà á yí agboolé po, a ó máa pe orúkọ ibùdókọ̀ bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa: Ìdó, Agége, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínnà, Kàdúná, Zaria, Kano. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dé ìlú bàbá rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè ka ọ̀nà ibẹ̀ lórí.

Ní nǹkan bí ọdún 1979, bọ̀ọ́dà wa kan tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà padà dé, ó sì gbé páálí kan dání tí wọ́n fi okùn dì pinpin. Ìdílé tó gbà á sílé lọ́hùn-ún ló fi ta á lọ́rẹ, nítorí pé àwọn ọmọ wọn ti dàgbà. A rò pé rọ́bà ni a óò rí níbẹ̀. Irin ni! Ẹ́ńjìnnì náà wúwo lọ́wọ́ bí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Lionel ni wọ́n kọ sára páálí náà. Bọ̀ọ́dà to ojú irin rẹ̀ yípo lórí tábìlì ìjẹun. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, tiwa sì lé ní 220, nítorí náà wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù kí wọ́n tó tan án. Wọ́n ju oògùn funfun kékeré kan sínú ihò orí rẹ̀, wọ́n rọra ti ọwọ́ ara tiransifọ́mà, fìtílà iwájú rẹ̀ tàn, ọkọ̀ sì gbéra. Kò pẹ́, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí rú. Ìyá àgbà kan nínú ilé pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kó jábọ́ o, èrò wà nínú rẹ̀!"

Bàbá wa kan tó ti ṣe gáàdì reluwé fún ọ̀pọ̀ ọdún wà níbẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè bá tábìlì dọ́gba, wọ́n ń wo bí wágọ̀nù ṣe so mọ́ra àti bí ó ṣe ń yí kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ pé." Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn náà tí iná fi lọ, tí ọkọ̀ dúró gbagidi láàrin ọ̀nà. Bàbá ní, "Ó ti dé Mínnà. Ẹ jẹ́ kó mumi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọdún kejì ni iṣẹ́ gbé bọ̀ọ́dà lọ sí ìlú mìíràn, ó sì kó páálí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a rí lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Nígbà tí a dàgbà, tí a di òṣìṣẹ́ ìjọba, a wádìí ibi tí ohun ìṣeré yìí ti wá.

Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Joshua Lionel Cowen, ọmọ àwọn àtìpó tó wọ ìlú New York. 1877 ni wọ́n bí i. Ní 1900, òun àti Harry Grant dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi Lionel, orúkọ tirẹ̀, pè é. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe kì í ṣe fún ọmọdé rárá. Wágọ̀nù onípákó kan ni, tó ń fi mọ́tò irú ti fáànù rìn, wọ́n sì gbé e sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó ń kọjá lè dúró wo ọjà inú rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n wágọ̀nù gan-an ni wọ́n ń béèrè iye rẹ̀. Cowen gbọ́n, ó tẹ̀lé ohun tí oníbàárà ń fẹ́.

Ní 1906, ó mú ojú irin onírin mẹ́ta jáde. Irin àárín ló ń gbé iná wá, méjì ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà á padà. Ẹni tó bá mọ reluwé gidi yóò ní irọ́ ni, nítorí pé irin méjì ni ti gidi. Ṣùgbọ́n irin mẹ́ta yìí jẹ́ kí ọmọdé lè to ọ̀nà tó lọ tó yí po, tó sì tún padà pàdé ara rẹ̀, láìjẹ́ pé iná kọlu iná. Ilé-iṣẹ́ A. C. Gilbert, tó ń ṣe American Flyer, gba ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn ogun: láti 1946, irin méjì ni wọ́n ń lò bíi ti gidi. Títí di òní, ẹni tó fi Lionel ṣeré lọ́mọdé àti ẹni tó fi American Flyer ṣeré kò tíì parí àríyànjiyàn wọn. Louis Marx ní tirẹ̀ ń fi páànù ṣe èyí tó pọ́ọ́kú, kí ọmọ aláìní náà má baà wo ti ẹlòmíràn nìkan.

Ilé-iṣẹ́ Lionel rí ìṣòro. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ilé ẹjọ́ sì yan àwọn alábòójútó lé e lórí ní 1934. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ṣe ohun ìṣeré kékeré kan tí Mickey Mouse àti Minnie wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń ti ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò lórí irin. Dọ́là kan péré ni, wọ́n sì tà ju 250,000 lọ, ó sì wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbérí. Láti 1942, ogun àgbáyé kejì mú kí wọ́n dá ohun ìṣeré dúró, wọ́n ń ṣe àwọn irinṣẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ogun fi ń mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn ogun ni ògo dé. Ẹ́ńjìnnì oníèéfín jáde ní 1946. Ní 1948, wọ́n ṣe àwòrán ẹ́ńjìnnì dísù Santa Fe, aláwọ̀ pupa àti fàdákà, èyí tí ọmọkùnrin púpọ̀ ń lá lálàá. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, ìwé àfihàn ọjà Lionel ni ọmọ yóò máa kà títí yóò fi ya. Ní 1957, wọ́n ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọbìnrin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ́n wẹ́wẹ́ bí òdòdó. Kò tà. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ reluwé fẹ́ èyí tó jọ reluwé. Lónìí ẹni tó bá ní ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní owó lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù nìyí. Ohun ìṣeré náà bẹ̀rẹ̀ sí kú nígbà tí reluwé gidi bẹ̀rẹ̀ sí rọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń wọ mọ́tò àti ọkọ̀ òfúrufú, àwọn ọmọ wọn ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá tí kì í wọ reluwé mọ́ kò ní ìtàn reluwé láti sọ fún ọmọ. Cowen ta ìpín tirẹ̀ ní 1959, ó sì kú ní 1965. American Flyer bọ́ sọ́wọ́ Lionel ní 1967. Orúkọ Lionel ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti òmíràn, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n ti kó iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Ṣáínà.

Síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jókòó kí wọ́n máa ṣàárò lásán. Ní 1954, nígbà tí ọjà náà ṣì ń tà, àwọn kan ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Pennsylvania fún kíkó àwọn ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, wọ́n sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ìlú Strasburg. Olórin Neil Young ní ọmọ kan tí àìlera ara kò jẹ́ kó lè lo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó wá ọgbọ́n ẹ̀rọ tí ọmọ náà lè fi darí ọkọ̀, nígbà tó sì di 1995, ó wà lára àwọn tó ra ilé-iṣẹ́ Lionel. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé àárò bàbá ló wà nínú àárò ọkọ̀ yìí. Arúgbó tó ń nu ẹ́ńjìnnì kékeré ní Amẹ́ríkà ń rántí ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ pálọ̀ láti bá a to irin.

Àwa ńkọ́? Ọmọ wa kan tó wà ní ilé-ìwé gíga bi wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ ojú irin máa ń kó èrò láti Èkó wá sí Kano. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra. Ní December 2012, ọkọ̀ èrò padà sí ojú irin àtijọ́ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò padà di ohun tó jẹ́ nígbà àwọn bàbá wa. Irin tuntun tó gbòòrò jù ú lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Abuja àti Kàdúná ní 2016, àti láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní 2021. A dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n irin tuntun kò lè sọ fún ọmọ wa bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe gbé adìẹ àti gaàrí wọ wágọ̀nù ní Ọ̀ffà. Àwa la ó sọ ọ́.

Bí àwọn àjèjì bá lè kọ nọ́ńbà ohun ìṣeré sílẹ̀, kí ló dé tí a ń ta fìtílà gáàdì bàbá wa fún àwọn tó ń ra irin àlòkù? Fìlà reluwé dà? Fèrè dà? Tíkẹ́ẹ̀tì pálí kékeré yẹn dà? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún ni ìwé ìrántí yìí ń gbé àwòrán olóògbé jáde, bí ẹ bá sì kà á dáadáa, ẹ óò rí i pé ìran tó wọ reluwé wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìmọ̀ràn wa kò ná wa lówó púpọ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yẹ inú àpótí wò, kí wọ́n má ju ohunkóhun tó jẹ́ ti reluwé nù. Kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tó ni ín sẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi fóònù wọn gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: ọdún wo ni wọ́n wá, ibùdókọ̀ wo ni wọ́n ti wọ̀, ta ni wọ́n bá ní Kano. Kí ẹgbẹ́ wa fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú gbọ̀ngàn ìpàdé láti kó wọn sí. Ní ọjọ́ ayẹyẹ ọdún tó ń bọ̀, kí a kó agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí a kọ́ wọn bí a ṣe ń so ó, kí wọ́n sì máa pe orúkọ àwọn ìlú náà láti Ìdó títí dé Kano.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà tó kù sí fún wa. Kí ó fi àlàáfíà fún ìlú Kano tó gbà wá, àti ilé tí a ti wá. A ó jọ ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé o. Àṣẹ.