Abẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń fi ọjọ́ Sátidé ṣe búrẹ́dì nínú ilé wa ní Mọ́níyà. N kì í tà á. Àwa ará ilé là ń jẹ ẹ́, àwọn aládùúgbò a sì máa gba tiwọn. Kì í ṣe ìwúkàrà inú páálí ni mo ń lò. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi ni mo máa ń pò pọ̀ sínú ìgò, màá sì máa bu ìyẹ̀fun tuntun sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi máa hó fúnra rẹ̀, tí òórùn kíkan yóò sì gba gbogbo ilé ìdáná. Bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn kó tó di pé wọ́n ń ta ìwúkàrà lọ́jà.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Ìwé tí mo ń tẹ̀ lé ní kí n bo ìyẹ̀fun náà fún wákàtí mẹ́rin. Mo ń bò ó fún wákàtí mẹ́rin géérégé, búrẹ́dì ń le koko. Ìgbà ọyẹ́ ni, òtútù sì wà nínú ilé ìdáná. Ní Sátidé kẹrin, n kò wo aago mọ́. Mo kàn rí i pé mo ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀, mo ti ki ọwọ́ bọ inú ìyẹ̀fun náà, mo sì dúró jẹ́ẹ́, mò ń wá ooru. Kò sí ooru níbẹ̀. Mo fi aṣọ nínípọn wé ìkòkò náà, mo gbé e sún mọ́ ààrò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wú kan ọmọrí.

Ìyàwó mi ń wò mí. Ó ní, “Bàbá wọn, ta ló kọ́ yín pé kí ẹ fọwọ́ wá ooru?”

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: “Màmá ni.”

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Abà wọn kò jìnnà sí Akànrán, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí à ń pè ní Ọ̀nà-Àrà lónìí. Ìgbà kòkó ni wọ́n máa ń mú wa lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà á fọ́ kòkó, àwa ọmọdé á máa lá funfun ara èso rẹ̀ tó dùn bí oyin. Lẹ́yìn náà, wọn á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọn á da kòkó tútù lé e ní òkìtì, wọn á fi ewé mìíràn bò ó, wọn á sì fi igi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó ń lò lábẹ́ ewé. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin, wọn á yí i padà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù lójoojúmọ́, Màmá á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé títí dé ọrùn ọwọ́, á dijú, á dúró díẹ̀. Bí ó bá gbóná tó, á mi orí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tú ewé náà kí n lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Màmá kò nà mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú òkìtì náà, ó ní, “Ṣé o gbọ́ ooru rẹ̀? Ó ń ṣiṣẹ́. Fi í sílẹ̀ kó ṣe é tán.”

Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń jẹ ṣúgà ara èso kòkó, wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí. Bí a bá yí i padà tí atẹ́gùn wọlé, àwọn mìíràn á sọ ọtí náà di ọtí kíkan, ooru á sì lè gùn dé nǹkan bí 50°C. Ooru yìí àti ọtí kíkan náà ló ń pa ọmọ inú èso, tí inú rẹ̀ á fi kúrò ní àwọ̀ àlùkò, tí á di pupa rúsúrúsú. Ibẹ̀ ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń yẹ kòkó wò bá dé, yóò la 300 èso sí méjì. Bí èyí tó bu bá ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí èyí tí inú rẹ̀ ṣì rí bí síléètì nítorí pé kò kan dáadáa, kò ní bọ́ sí Gírédì kìíní. Kòkó Màmá kì í sábà yẹ̀ níbẹ̀. Owó irú òkìtì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó kọ́ Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 nílùú Ìbàdàn, ó sì wà lára ohun tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1955 ró. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ló sọ mí di olùkọ́ kẹ́mísírì.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí ṣúgà ṣe ń di ọtí. Mo ń kọ orúkọ Louis Pasteur, ará Faransé tó tẹ ìwé jáde lórí bí wàrà ṣe ń kan ní 1857, sí ojú pátákó. Mo ń fi èso àjàrà ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tí kò rí àjàrà rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti abà wá láti Ẹgbẹ́dá àti Làgelú, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń bẹ nínú omi fún láfún, tí àgbàdo ti ń bẹ nínú ìkòkò fún ògì, tí irú ń bẹ nínú ewé. N kò rántí òkìtì Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú kíláàsì.

Ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ní í ṣomi sí. Ọwọ́ ni Màmá fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí, iṣẹ́ tí mò ń jẹun lára rẹ̀ kò sì fìgbà kan bi ọwọ́ mi léèrè ọ̀rọ̀. Sílébọ́ọ̀sì ń lé mi, ìdánwò ń bọ̀. Ìgbà tí mo dé ìdí ohun tí mò ń ṣe fún ìfẹ́ rẹ̀ nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò ní fún mi ní máàkì lé lórí, ni ọwọ́ tó ráyè sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ wa ní Sátidé tó kọjá. Ó fẹ́ ṣí ìkòkò náà wò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi sábẹ́ aṣọ.

Ó ní, “Bàbá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Mo bò ó padà. N kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ náà ṣe lọ́jọ́ iwájú. Màmá náà kò mọ̀ pé búrẹ́dì ni.