Kí Ẹ́ńjìnnì Tó Gbóná

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí a débẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni, ìrì ṣì wà lára gíláàsì gbogbo mọ́tò tó wà nínú ọgbà ìtajà náà, nítòsí Ògòlóǹtò ní Ìkòròdú. Bàbá mẹkáníìkì tó bá wa lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, ó fi síbẹ̀ díẹ̀ bí ìyá tó ń yẹ ibà wò lára ọmọ, ó wá yíjú sí àbúrò mi obìnrin. "Fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Wọ́n ti ṣíná fún un kí a tó dé."

Ìdí tó fi ní ká tètè wá nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àrùn mọ́ra. Ọ́ìlì ti dé gbogbo oríkèé rẹ̀, irin ti wú bá irin, ariwo kéékèèké ti rọlẹ̀. Èyí tó sun ìta mọ́jú kò ríbi fara pamọ́ sí. Bó bá ní àrùn, bó ti ń jí ni yóò máa kérora, bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni àbúrò mi ti ń ra ẹja, Ìkòròdú ló ti ń tà á. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ọkọ̀ èrò gba Ìmọ̀tà àti Ìtóìkín lọ, tó ń gbé báàfù ẹja sẹ́sẹ̀ bọ̀. Òógùn ojú rẹ̀ ni owó tó kó jọ, n kò sì fẹ́ kó fi ra wàhálà.

Corolla méjì ló wà níwájú wa, 2005 ni méjèèjì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 2003 dé 2008. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn pọ́n bíi wáìnì, wọ́n kọ LE sí i nídìí. Lẹ́dà ló bo àga rẹ̀, ohun tó jọ igi dídán wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, bọ́tìnì ni wọ́n fi ń sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀, ríìmù rẹ̀ sì ń dán bí àwo tuntun. Ìkejì láwọ̀ eérú, CE ni. Aṣọ lásán ló bo àga rẹ̀, ọwọ́ la fi ń yí gíláàsì rẹ̀, ìdérí ríìmù kan sì ti sọnù. Alhaji tó ń tajà kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. "Full option nìyí, Àǹtí," ó ń fọwọ́ lu òrùlé eléwáìnì. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó sí i." Àbúrò mi jókòó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń wa ọkọ̀ náà lọ sílé nínú ọkàn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí, ó sì máa ń dùn mí. Lẹ́tà tó wà nídìí ọkọ̀ kọ́ ló ń sọ bí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe rí. CE, LE àti S, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n gbé, 1ZZ-FE oní-1.8, tó ń lo ṣéènì dípò táímìn-bẹ́líìtì. S ní iná kékeré nísàlẹ̀ iwájú, LE ní bọ́tìnì, ṣùgbọ́n tó bá di ká gbé ẹrù dé ilé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. XRS tó jáde ní 2005 àti 2006 nìkan ló yàtọ̀. 2ZZ-GE ló gbé, gíá àfọwọ́fà oní-mẹ́fà ló ní, eré sísá ni wọ́n sì ṣe é fún. Owó tí Alhaji fi lé ti eléwáìnì tó ra fìrísà ńlá kan, lẹ́dà àti bọ́tìnì sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ fún.

Orúkọ Toyota nìkan kò sì tó fọkàn tán. Camry tí a ń pè ní Muscle, àwọn oní-2.4 tó jáde láti 2007 sí 2009, púpọ̀ nínú wọn mu ọ́ìlì débi pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi kún ọdún tó fi ń dúró fún wọn ní Amẹ́ríkà. Ríìngì písítìnì ló fà á. Corolla tó ṣáájú èyí tí à ń wò yìí, láti 1998 sí 2002, ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Ọdún wo, ẹ́ńjìnnì wo: ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú àwọ̀ nìyẹn.

Bàbá fa géèjì ọ́ìlì eléwáìnì yọ. Ọ́ìlì náà mọ́ bí oyin, ó ki, ó sì kún. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sí, ó yí inú rẹ̀ sókè, ó ní kí n tan iná fóònù sí i. Ìdọ̀tí dúdú ti gan mọ́ ọn bí èépá ìdí ìkòkò. Ó fi èékánná họ ọ́, ó ṣí kúrò bí èèpo.

"Àná ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì," ló wí. "Wọn ò rántí ìdérí."

Omi inú ike rédíétọ̀ pọ́n bí àgbàrá, omi ẹ̀rọ lásán ni. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́ láìṣíná. Iná ọ́ìlì tàn, ti bátìrì tàn, ti ẹ́ńjìnnì kò tàn rárá. Ó yẹ kó tàn ná, kó tó kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ló ti pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tó ṣíná, tó jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan, tó wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, èéfín tó jáde ní àwọ̀ búlúù. Ọ́ìlì ló ń jó.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì eléérú tutù ní tirẹ̀, ìrì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú, kò wu ojú, ṣùgbọ́n ó dé àmì òkè, kò sì sí ju epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ nínú ìdérí rẹ̀. Gbogbo iná tàn, gbogbo wọn kú bó ṣe yẹ. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó bú díẹ̀, ó wá rọ̀ sórí ohùn kan ṣoṣo bíi máṣíìnì télọ̀. Kò ṣe èéfín. Àmọ́ ọ́ìlì ń sun nítòsí ọ́tánétọ̀, níbi tí ohun tó ń fa ṣéènì le wà. Rọ́bà róbótó kan ló ti gbó níbẹ̀. Bàbá mọ ibẹ̀ kó tó tẹ̀ ba wò ó. Àìsàn ìdílé 1ZZ ni, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Nọ́ńbà ṣaasí rẹ̀ ní lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún, 1NX ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó fi hàn pé Fremont ní Kalifóníà ni wọ́n ti tò ó, ní iléeṣẹ́ tí Toyota àti General Motors jọ dá sílẹ̀ ní 1984, tí wọ́n sì tì ní 2010. Ìkẹwàá rẹ̀ ni 5, ìyẹn 2005. Bàbá tún fa bẹ́líìtì àga títí ó fi tán, ó ń wá ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjì Harvey ti ri ọ̀pọ̀ mọ́tò sómi ní Houston lọ́dún 2017, kò sí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó wò tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹrẹ̀ kò sí. Ohun tó rí wà nínú búùtù, lábẹ́ táyà sípíà. Ó fi ìka méjì mú un jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò mi. Ìpẹ́ ẹja ni, ó ti gbẹ, ó ń dán bíi gíláàsì. Omi yìnyín ti jẹ irin ibẹ̀ díẹ̀.

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ ni," ni Bàbá wí. "Ó fi jẹun, ó sì tọ́jú ẹ̀."

A gbé e gba ọ̀nà Ìtóìkín, a jẹ́ kó wọ kòtò, kó gun òkè. Gíá ń wọlé láìtani. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan ń dún. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò nínú owó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, mo bá àbúrò mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ń fọwọ́ yí gíláàsì sílẹ̀ bí a ti ń sún mọ́ ọ̀sà, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó jẹ́ kó sinmi títí a fi ra ẹja tán. Kó tó kó ẹrù sínú búùtù, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì, ó fi àkísà ańkárá nù ún, ó kì í bọlẹ̀, ó tún fà á. Ọ́ìlì kò tíì kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ tí a rà á.